Agogo Inú Àpò

Bùrọ̀dá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré:
"Bí o ṣe gbé e jáde ni kí o ṣe gbé e wọlé."
Kẹ̀kẹ́ tuntun, pupa, ológíà méje,
tí òun fúnra rẹ̀ kì í gùn bí ilẹ̀ bá rin.

A parí ìdánwò ní Jímọ̀.
Sátidé, kí ìrun àsùbáà tó túká,
àwa mẹ́fà ti wà lẹ́nu géètì ilé-ìwé ní Nófọríjà.
Mùíbátù gbé kẹ̀kẹ́ bàbá-bàbá rẹ̀ wá,
ó ga bí àkàbà, kò ní búréèkì.
Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
Bóyá nítorí ìyẹn ni kòtò kan lójú ọ̀nà
ṣe tú agogo kẹ̀kẹ́ mi.
Mo sọ ọ́ sápò. Mo ní màá dè é tó bá yá.

Ní èbúté, Bàbá Sàláwù ń wo apá Èjìnrìn,
níbi tí ojú ọ̀run ti rẹ aró.
"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀."
Ọ̀nàfúwà yọ fóònù:
"Bàbá, aago mẹ́rin ni wọ́n ní òjò máa rọ̀."
Bàbá wo fóònù, ó wo omi.
"Ṣé ẹ ti fi han ọ̀sà?"

Agbedeméjì ni ìjì bá wa.
Fìlà Bàbá ló kọ́kọ́ mú,
ó rọra gbé e lé omi bí ẹni gbé abọ́ kalẹ̀ fún àlejò.
Òjò tẹ̀ lé e, kò ti òkè wá,
ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá, ó ń gbá ni létí.
Abọ́ tí a fẹ́ fi mu gàrí
la fi ń gbọ́n omi.
Wásíù ń ké Yásínì, Dẹ́bórà wà nínú Sáàmù,
Ọ̀nàfúwà tí kì í gbàdúrà
ń ka ìlọ́po méje, ó ń ṣì í, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìgbì kan kàn tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni,
kẹ̀kẹ́ mi sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́
bí èrò tó ti dé ibi tó ń lọ.
Mo nawọ́.
Bàbá fi àjẹ̀ gbá ọwọ́ náà padà:
"Irin nìyẹn! Ìyá rẹ kò bí irin."

Ìyá kan tó ń yan ẹja ní erékùsù
kò béèrè orúkọ ẹnì kankan.
Ó ṣí ahéré èéfín, ó ní ká kó kẹ̀kẹ́ márààrún wọlé
kí wọ́n má baà dógùn-ún,
kí àwa náà wọlé bí àyè bá kù.
A húkọ́ mọ́jú.
Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan,
orúnkún mi á tutù.

Sánńdè, oòrùn yọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.
Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ yí erékùsù ká:
ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún,
ìrìn àjò tí a fi oṣù méjì pète!
Iyanrìn ń gbé táyà mì,
èmi àti àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn,
ẹsẹ̀ lásán.
Ká sòótọ́, n kò gbádùn ohun kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a padà gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́,
Mùíbátù na ọwọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àkàbà rẹ̀.
"Gòkè, ọmọ onígíà."
Mo gòkè.
Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bàtà ló fi ń tẹ táyà,
mo pa ojú mi dé,
kò sì wẹ̀yìn wò, ó kàn ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Bùrọ̀dá wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi.
"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"
Mo ki ọwọ́ bọ àpò,
mo gbé agogo náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́.
Iyanrìn díẹ̀ dà sílẹ̀.
Ó dákẹ́ pẹ́.
Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná,
ó rò pé àlejò dé.